Ìyá Álọ́ọ̀mù àti Ilé-Ìwé Ìbéèrè

Ràdíátù kò lọ sí ilé-ìwé ju ọdún méjì lọ, ṣùgbọ́n òun ni Yínúsà ọmọ rẹ̀ rán pé kí ó lọ yẹ ilé-ìwé ọmọ òun wò. Ó ní kò sí ẹlòmíràn. Ìyá ọmọ wà ní Kútọnu, ó ń ta bàtà. Yínúsà fúnra rẹ̀, awakọ̀ tírélà, wà lórí ìlà ní Coconut lọ́nà pọ́ọ̀tù Apapa, tírélà rẹ̀ ti lo ọjọ́ mẹ́fà níbẹ̀, ó ń retí kí wọ́n pè é wọ pọ́ọ̀tù. Bí ó bá fi ìlà sílẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ yóò gba ipò rẹ̀, ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ kì í sì í ṣe ẹni tó ń tijú.

"Kí ni kí n wò níbẹ̀?" Ràdíátù bi í lórí fóònù.

"Ẹ wò ó bóyá wọ́n ń kọ́ ọ ní nǹkan, Ìyá."

"Báwo ni n ó ṣe mọ̀?"

"Ẹ ṣí ìwé rẹ̀. Ẹ ka máàkì pupa tó wà nínú rẹ̀. Ibi tí máàkì pupa bá pọ̀ sí, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà."

Ràdíátù ní ó dáa. Ó mọ pupa. Ó mọ máàkì náà pẹ̀lú, ó dà bí ìwọ̀ tí àwọn ará Marine Beach fi ń pẹja.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Àdùfẹ́, ọmọ Yínúsà, ọmọ ọdún mọ́kànlá, wà ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Apapa tó máa ń gba ọmọ Ajégúnlẹ̀ méjì wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọọdún. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń yẹ àwọn ọmọ wò, wọ́n ní kí ó béèrè ohunkóhun tó bá wù ú. Ó bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi gbé aago tó ti kú kọ́ sára ògiri. Wọ́n gbà á. Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè ni wọ́n ń ṣe. Tíṣà ibẹ̀ kì í kọ nǹkan sójú pátákó kí ọmọ dà á kọ. Àwọn ọmọ ló ń yan ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀, àwọn ló ń wá a kiri, àwọn náà ló ń dúró níwájú sọ ohun tí wọ́n rí. Bí wọ́n bá bi tíṣà, tíṣà a ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rò?" Àwọn ará Boundary, àdúgbò Àdùfẹ́ ní Ajégúnlẹ̀, ń pè é ní Ilé-Ìwé Ìbéèrè, wọn kò sì fi orúkọ náà yìn ín.

Ní yàrá tó kángun sí ti Ràdíátù, Omoefe, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń lọ sí ilé-ìwé mìíràn nítòsí ilé, níbi tí pàṣán ti ń ṣiṣẹ́. Omoefe mọ orúkọ ìpínlẹ̀ mẹ́rìndínlógójì àti olú-ìlú wọn lórí. Ó máa ń kà wọ́n bó bá ń fọ abọ́, ó máa ń kà wọ́n nínú ilé ìwẹ̀, lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ nà án, ó fi ẹkún kà á dé Sókótó. Yínúsà gbọ́ ọ, ó wù ú. Ó bi Àdùfẹ́ pé kí ni olú-ìlú Zamfara. Àdùfẹ́ ní òun kò mọ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa ń pinnu ìlú tí yóò jẹ́ olú-ìlú?

Yínúsà ka èyí sí àìsàn. Ó bá ọ̀gá ilé-ìwé Omoefe sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ní àyè kan ṣoṣo ló kù, òun yóò sì pa á mọ́ dé aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Bí Ìyá bá lọ wò ó tí kò rí ẹ̀kọ́ ní Apapa, Àdùfẹ́ yóò gbé àpò rẹ̀ tẹ̀lé Omoefe.

Àdùfẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn aṣọ títa. Kò sunkún. Ó kàn wá bá ìyá bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń fọṣọ.

"Ìyá àgbà, bí wọ́n bá mú mi kúrò níbẹ̀, ta ni n ó máa bi?"

"Bi mí."

"Ẹ̀yin kì í dáhùn. Ẹ máa ń kọrin ni."

Òótọ́ ni. Ràdíátù bẹ̀rẹ̀ orin mìíràn.

Ẹni tí kò bá mọ Ràdíátù ní Boundary, àlejò ni. Alágbàfọ̀ ni, ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń fọ aṣọ aláṣọ, aṣọ awakọ̀, aṣọ òṣìṣẹ́ pọ́ọ̀tù, aṣọ àwọn tó ń fi funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn tó ń fi funfun lọ sí Jímọ̀. Omi kànga àdúgbò wọn a máa pọ́n bíi tíì tí kò rí mílíìkì. Òun ló kọ́kọ́ kọ́ gbogbo agbo ilé pé kí wọ́n máa ju álọ́ọ̀mù sí i, òkúta funfun tó ń dán bíi yìnyín, tó máa ń lé ìdọ̀tí lọ sí ìsàlẹ̀ garawa. Bí omi bá tòrò tán, ó di kí a bu ọṣẹ sí i. Bí ọṣẹ bá kọ̀ tí kò hó, Ràdíátù a tún ju álọ́ọ̀mù sí i. Bí ó bá kọ̀ síbẹ̀, a tún jù ú. Ebere tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ebere ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bó ṣe di Ìyá Álọ́ọ̀mù nìyẹn. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ, nítorí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kó tó mọ ohun tó lè ṣe. Ó ti kọ ọ́ lórin:

Omi kànga ní òun kò gbọṣẹ,
Ẹ bá mi ju álọ́ọ̀mù sí i.
Kó tòrò, kó tòrò,
Kó tòrò bí ojú ọmọ tuntun.
Aláṣọ ń bọ̀ lọ́nà,
Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó bá omi pupa.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó wọ kẹ̀kẹ́ ní Boundary, ó sọ̀ kalẹ̀ ní ìdí afárá, ó fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Ó so álọ́ọ̀mù kékeré mọ́ etí ìró rẹ̀ bí ẹlòmíràn ṣe ń so obì mọ́ tirẹ̀. Ilé-ìwé náà jẹ́ ilé alájà kan tí igi frútù bò mọ́lẹ̀. Ní géètì, ó pàdé Chukwuma, ẹjẹ́ǹtì tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Onyeka, wà ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú Àdùfẹ́. Chukwuma wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan. Ràdíátù kí ṣẹ́ẹ̀tì náà kó tó kí ẹni tó wọ̀ ọ́.

"Èmi ni mo fọ̀ ọ́."

"Ah, Màmá Álọ́ọ̀mù! Everybody for port dey ask me who dey wash am." Chukwuma tẹrí ba díẹ̀. "Màmá, ẹ bá mi dá sí i o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, Onyeka ń gbọn ìgò nínú ilé wa. Omi àti ọṣẹ, omi àti ọṣẹ! Mo ní ṣé ilé-ìwé ni mo fi í sí àbí ilé alágbàfọ̀? Ẹ má bínú o."

"N kò bínú. Bó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ alágbàfọ̀ ni, a jẹ́ pé púrófẹ́sọ̀ ni mí."

Wọ́n wọlé. Àga ibẹ̀ kéré, ti ọmọdé ni. Chukwuma jókòó láàárín àwọn òbí mìíràn, orúnkún rẹ̀ sún mọ́ àgbọ̀n rẹ̀. Tíṣà wọn, Ańtí Ejiro, kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó ní àwọn ọmọ ló ni ọjọ́ òní.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ràn wọ́n lọ́wọ́. Èmi gan-an kò gbọ́dọ̀ dá sí i."

Ó lọ jókòó sẹ́yìn, ó ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sáàárín orúnkún bí ẹni tí òtútù mú.

"Kí wá ni iṣẹ́ tíṣà?" Chukwuma bi Ràdíátù ní etí.

"Bóyá ó rẹ̀ ẹ́."

Ràdíátù ṣí ìwé Àdùfẹ́ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo ojú ewé kìíní, ó wo ìkejì, ó wò ó dé ẹ̀yìn. Búlúù ni gbogbo rẹ̀. Kò rí ìwọ̀ pupa kan. Ohun tó ń rí ṣáá ni àmì kan tó tẹ̀ bí etí ènìyàn, tí yẹtí rẹ̀ já bọ́ sí ìsàlẹ̀. Ó ka etí náà dé ogójì, ó pa ìwé dé. Àánú ọmọ ọmọ rẹ̀ ṣe é. Ó ti ń ro bí yóò ṣe sọ ọ́.

Àdùfẹ́ àti Onyeka jáde síwájú pẹ̀lú ìgò ike méjì àti rúlà kan.

"Ìbéèrè wa nìyí," Àdùfẹ́ ní. "Kí ló dé tí ọṣẹ fi ń hó nínú omi òjò, tí kì í fẹ́ hó nínú omi kànga ilé wa?"

Ó ní ìwọ̀n omi kan náà ló wà nínú ìgò méjèèjì, ọṣẹ kan náà, ìwọ̀n kan náà, wọn yóò sì gbọ̀n ọ́n ní ogún ìgbà. Àwọn ọmọ kíláàsì bá wọn kà á. Ti omi òjò hó sókè, ìfófò rẹ̀ ga tó ìka márùn-ún. Ti kànga kò ju ìka méjì lọ. Wọ́n kọ ọ́ sójú pátákó.

Onyeka yíjú sí àwọn òbí. "Ta ló ní èrò kan tí a kò tíì dán wò?"

Chukwuma nawọ́. "Ẹ ra ọṣẹ gidi."

"Dádì, ọṣẹ kan náà ló wà nínú méjèèjì."

Chukwuma sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn.

Ara Ràdíátù kò gbà á mọ́. Ó ti pé ọgọ́ta ọdún tó ti nawọ́ kẹ́yìn nínú kíláàsì, lọ́jọ́ náà, ìgbẹ́ ló fẹ́ lọ yà. Ó na ọwọ́ sókè.

"Ẹ̀yin ọmọ, omi yín kò tòrò ni. Omi tí kò tòrò kì í gbọṣẹ. Ẹ ju èyí sí i." Ó tú etí ìró rẹ̀. Ó na álọ́ọ̀mù náà síwájú gbogbo ènìyàn. Chukwuma ní, "Ẹ̀hẹ́n! Ẹ gbọ́ tẹ́nu àgbà."

Àdùfẹ́ gbà á tọwọ́tọwọ́. Ó yíjú sí ìyá bàbá rẹ̀.

"Ìyá àgbà, kí lẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀?"

"N kò rò ó. Mo mọ̀ ọ́n."

"'Mo rò' ni a máa ń kọ síbẹ̀."

"Kọ ọ́ bó ṣe wù ọ́. Yóò hó ju ti òjò lọ."

Àdùfẹ́ kọ ọ́ sójú pátákó: Ìyá Álọ́ọ̀mù rò pé yóò hó ju ti òjò lọ. Ràdíátù kò lè kà á tán, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí orúkọ rẹ̀ wà, ó ń wo ibẹ̀.

Wọ́n bu omi kànga mìíràn sí ìgò kẹta, wọ́n lọ álọ́ọ̀mù sí i, wọ́n gbé e kalẹ̀ kó sinmi. Kí àkókò má bàa gùn, Ràdíátù kọ orin rẹ̀, àwọn ọmọ gbè é, "Kó tòrò, kó tòrò," wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ìdọ̀tí ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí orin parí lẹ́ẹ̀kẹfà, omi ti tòrò, ènìyàn lè rí ojú ẹlòmíràn nínú rẹ̀. Àwọn òbí ní káì. Ràdíátù wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ìyá ìyàwó.

Onyeka rọra da omi náà sínú ìgò mìíràn kí ìdọ̀tí má bàa tẹ̀lé e. Wọ́n fi ọṣẹ sí i. Wọ́n gbọ̀n ọ́n. Gbogbo kíláàsì kà á dé ogún.

Kò hó. Kì í ṣe pé ó hó díẹ̀, kò hó rárá. Nǹkan funfun kan ṣùpọ̀ lójú omi bí ọ̀rá ọbẹ̀ tó tutù.

"Ẹ tún un gbọ̀n," Ràdíátù ní.

Wọ́n tún un gbọ̀n.

"Ẹ bu òmíràn. Ẹ jẹ́ kí èmi gbọ̀n ọ́n. Ọwọ́ yín kò le."

Wọ́n bu òmíràn, wọ́n dúró kó tòrò, wọ́n fi ọṣẹ sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò kọrin. Ràdíátù gbọ̀n ọ́n títí ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ fi dún. Ọ̀rá ọbẹ̀ náà ló tún jáde. Ó gbé ìgò náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó wò ó.

"Ìgò yìí kò mọ̀ mí," ó ní.

Àdùfẹ́ bojú wo Ańtí Ejiro. Ańtí Ejiro ń wo ilẹ̀. Onyeka ń wo bàbá rẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò bá a sọ ọ́. Nígbà náà ni Àdùfẹ́ wá síwájú ìyá bàbá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ó mú omi tòrò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ń bá ọṣẹ jà."

Ó dìde, ó gbọn eruku eékún rẹ̀, ó lọ kọ ọ́ sójú pátákó lábẹ́ orúkọ Ìyá Álọ́ọ̀mù.

"Forty years!" Chukwuma lu itan. "Màmá, forty years!" Àga kékeré náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dà á nù.

Ràdíátù àti Àdùfẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn dé ìdí afárá. Níbẹ̀ ni Àdùfẹ́ ti dúró.

"Kí lẹ máa sọ fún bàbá mi?"

"Máàkì pupa ló ní kí n kà."

"Mélòó lẹ rí?"

"O mọ iye tí mo rí. Wọ kẹ̀kẹ́."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí Ebere lọ kó aṣọ, tí ilé dá, Ràdíátù gbé báfù méjì kalẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ó bu omi kànga tó ti dúró mọ́jú sí èkíní, kò fi nǹkan sí i. Ó bu irú rẹ̀ sí ìkejì, ó fi álọ́ọ̀mù sí i. Ó gé ọṣẹ sí méjì, ó wọ̀n wọ́n ní ọwọ́ ọ̀tún, ó wọ̀n wọ́n ní ọwọ́ òsì. Ó pò ó. Ti èkíní hó níwọ̀nba. Ti ìkejì ṣùpọ̀. Ó dà á nù, ó tún un ṣe. Ó ṣe é nígbà mẹ́rin. Nígbà kẹrin, ó dijú pò ó, kí ó má bàa jẹ́ pé ojú òun ló ń ṣe é. Ọwọ́ sọ ohun kan náà. Ó kó gbogbo álọ́ọ̀mù tó wà nínú ilé sínú agolo, ó dé e, ó jókòó lé e lórí títí wọ́n fi pe ìrun Jímọ̀.

Ní Sátidé, oòrùn ti yẹ àtàrí díẹ̀ nígbà tí Yínúsà dé lórí ọ̀kadà. Ó ti bẹ awakọ̀ mìíràn pé kó bá òun jókòó sínú tírélà. Kò wọ yàrá. Ó dúró láàárín àgbàlá níbi tí Ebere ti ń sá aṣọ, tí Omoefe ń ka ìpínlẹ̀.

"Ìyá, ẹ kú ilé. Mo gbọ́ pé wọ́n fi yín ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Chukwuma ẹjẹ́ǹtì. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó di géètì pọ́ọ̀tù mú kó má bàa ṣubú. Ó ní Àdùfẹ́ dìde láàárín èrò, ó pè yín ní òpùrọ́."

"Kò dìde. Ó kúnlẹ̀."

"Ó kúnlẹ̀ pè yín ní òpùrọ́?"

"Kò sọ òpùrọ́. Ó ní álọ́ọ̀mù ń bá ọṣẹ jà."

Ebere dáwọ́ aṣọ sísá dúró. Ó fi aṣọ inú kan dání lókè. "Álọ́ọ̀mù wo? Our own álọ́ọ̀mù?"

"Ẹ gbọ́ nǹkan!" Yínúsà ní. "Ọmọ ọdún mọ́kànlá! Ilé-ìwé tí wọn kò ti kọ́ ọ ní Zamfara, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ láti bọ́ ìyá mi níhòòhò lójú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ìyá, ọ̀rọ̀ kan péré ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín. Ẹ sọ pé wọ́n ṣe màgòmágó sí ìgò yẹn. Ẹ sọ ọ́ kí gbogbo ilé gbọ́. N ó mú un kúrò níbẹ̀ lónìí, orúkọ yín á sì dúró bó ṣe wà."

"Sọ ọ́, Màmá," Ebere ní. "Ọmọdé wo ló mọ omi jù yín lọ? Na you teach all of us."

Àdùfẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó ti kó ìwé rẹ̀ sínú àpò, ó gbé àpò náà kọ́ ẹ̀yìn, nítorí ó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó ń wo ẹnu ìyá bàbá rẹ̀.

Ràdíátù rí i pé ẹnu òun ni gbogbo rẹ̀ kù sí. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, kò tó ohun tí ènìyàn ń gbé mì. Ìgò ṣe èrú: ó tán. Oníbàárà á máa bọ̀, Ebere á máa kúnlẹ̀, orúkọ á wà. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ náà ti pò ó nígbà mẹ́rin.

"Ọmọ náà sọ òótọ́," ó ní. "Èmi ni mo ṣì í."

"Ẹ̀yin?"

"Èmi."

"Láti ìgbà wo?"

"N kò tíì bí ọ nígbà náà."

Omoefe dé Kẹ́bí, ó dákẹ́. Aṣọ inú náà ṣì wà lókè lọ́wọ́ Ebere.

Yínúsà gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. "Ó dáa. Máàkì pupa ńkọ́?"

"Kò sí."

"Ọ̀kan péré?"

"Kò sí. Mo wò ó dé ẹ̀yìn."

"Tíṣà wá ńkọ́? Kí ló kọ́ wọn?"

"Kò kọ́ wọn. Ó jókòó sẹ́yìn, ó panu mọ́."

"Ta ló wá kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, Ìyá?"

"Èmi ni."

Èsì yẹn kò tó Yínúsà. Awakọ̀ tírélà ni, kì í gbà pé ẹrù wúwo bí òun kò bá rí i lórí òṣùwọ̀n. Ó ní kí wọ́n gbé ìgò wá. Àdùfẹ́, tòun ti àpò lẹ́yìn, gbé ìgò méjì wá pẹ̀lú omi kànga, ó fi álọ́ọ̀mù sí ìkejì, ó ṣe é bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Kó tó gbé ìgò fún bàbá rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá mi, kí lẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀?"

"Mo rò pé wàá jìyà lónìí."

"Nípa ọṣẹ ni mò ń bi yín."

Ebere rẹ́rìn-ín, ó fi aṣọ bo ẹnu. Yínúsà gba ìgò. Wọ́n ní kó gbọ̀n ọ́n ní ogún ìgbà, ó gbọ̀n ọ́n ní ogójì, inú ń bí i, ọ̀tún ọ̀kan, òsì ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ó gbé wọn kalẹ̀ létí kànga, ó lóṣòó, ó sì wo èkíní, ó wo ìkejì, bó ṣe máa ń wo táyà kó tó gba ojú ọ̀nà Òkè Ọya lọ.

"Ẹni tí kò fi nǹkan sí tirẹ̀ ló hó," ó ní níkẹyìn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Gbogbo ìgbà ni?"

"A tún ṣe é ní ilé-ìwé lánàá, ó ti di ìgbà mẹ́sàn-án. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ ṣe ìkẹwàá."

Fóònù rẹ̀ dún. Ọ̀gá ilé-ìwé Omoefe ni, aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Yínúsà wo fóònù, ó wo ìgò, ó wo ìyá rẹ̀ tó jókòó lórí àpótí, tí kò ní kí ẹnikẹ́ni dá orúkọ òun padà.

"Ẹ káàsán, sà," ó sọ sínú fóònù. "Ẹ fún ẹlòmíràn ní àyè yẹn... Rárá, kò ṣàìsàn... Wọ́n ń kọ́ ọ. Ìyá mi lọ wò ó fún mi."

Ó fi fóònù sápò. Ó ní kí Àdùfẹ́ bọ́ àpò rẹ̀, kó gbé e kọ́ padà sórí ìṣó, kó má máa gbé ẹrù dúró láàárín ilé bí awakọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó gun ọ̀kadà, ó padà sí ìlà.

Bó ṣe lọ tán, Ebere wá dúró níwájú Ràdíátù, ọwọ́ ní ìbàdí.

"Màmá. Ọdún mẹ́rìndínlógún."

"Mo gbọ́."

"Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ń bú ọṣẹ. Mo ní wọn kò ṣe ọṣẹ dáadáa mọ́. Mo bá oníṣọ́ọ̀bù jà! Èjìká mi yìí, gbogbo ìgbà ló ń ro mí, mo ní àjẹ́ ni. Mo gbààwẹ̀!"

"Ebere, jókòó."

"N kò jókòó. Kí ni kí n sọ fún èjìká mi?"

"Sọ fún un pé tèmi ṣáájú rẹ̀ ní ọdún mẹ́rìnlélógún." Ràdíátù sún, ó fi àyè sílẹ̀ fún un lórí àpótí. "Jókòó. A ní aṣọ láti fọ̀."

Ebere jókòó. Inú ṣì ń bí i. Ràdíátù bu omi tó ti dúró mọ́jú sí báfù, láìfi nǹkan sí i, ó fi ọṣẹ sí i, àwọn méjèèjì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó hó dé ọrùn ọwọ́ wọn. Ebere bú oníṣọ́ọ̀bù náà lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí ó ti mọ́ ọn lára, lẹ́yìn náà ó ní òun á lọ bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ràdíátù ti wà lẹ́nu orin:

Mo wí tèmi, ọwọ́ wí tirẹ̀,
Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ ó wí.
Ẹnu ti sọ ọ́ fún ogójì ọdún,
Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ ó wí.

Kò tíì rí ìlà tí yóò tẹ̀lé e. Ó ń kọ ìyẹn lọ́wọ́, ó ń fọ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ẹnì kan.